Bàbá Àgbà, Wúrà àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kọjá Lójú Ọ̀run

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Àgbà pé onísùúrù ni, pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, àti pé kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀ rí. Mo kà á tán, mo tún padà lọ wo àwòrán tó wà níwájú ìwé náà, kí n lè mọ̀ bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa. Fìlà rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ náà ni, ọ̀kan ṣí, ọ̀kan pa dé díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ojú wọn ilẹ̀ onílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn àbúrò mi tó ń gbé Èkó ló kọ ọ́, àwọn tó jẹ́ pé ọdún sí ọdún ni wọ́n ń wá jẹ ẹran nílé rẹ̀. Èmi tí mo bá a gbé ní Ojú Ore, tí mo ń bá a fọ aṣọ, tí mo sì ń bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará àdúgbò, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ nǹkan kan.

Mo mọ ohun tó fà á. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ìyókù, ara pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka gbogbo pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láti Ṣàngó dé Ìyànà Iyesi, tó sì yé e, ó yẹ kí wọ́n fún un ní dìgírì.

Ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ orí Bàbá Àgbà. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun ti ń gun ọ̀pẹ nígbà tí wọ́n wá la títì Ìdìrókò, pé òun ló ń júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń là á, àti pé gbogbo ibi tí títì náà bá ti wọ́, oko bàbá òun ló ń yà fún. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ní ọmọ-ọmọ, eyín tó kù lẹ́nu mi kò tó jẹ àgbàdo, síbẹ̀ bí mo bá ti ìta dé, yóò ní, “Ọmọdé yìí, o ti jẹun?” Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé èmi náà ti darúgbó. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Kí o máa dúró dè mí ná.”

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tí kò bá a pàdé mọ̀ ni pé Bàbá Àgbà kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá kí i tán. Kì í ṣe kí ènìyàn sáré sọ pé ẹ káàárọ̀ kó máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ kí i délé, kó bi í léèrè ara, kó bi í léèrè àwọn ọmọ, kó bi í léèrè ewúrẹ́ àti adìẹ, kí òun náà sì bi ẹni náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ilé ìdáná wa gbiná, télọ̀ tó wà ní iwájú ilé wa ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré wọlé, ó ní, “Bàbá, iná ń jó ilé ìdáná yín.” Bàbá Àgbà ń wò ó. Télọ̀ náà rántí ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ káàsán sà. Bàbá bi í léèrè ìyàwó rẹ̀. Ó ní ó wà. Ó bi í léèrè ọmọ tuntun tó bí. Ó ní ó ti ń rákò. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìkirè, bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, iná ti jó ilé ìdáná tán, ó ti sinmi. Bàbá yíjú sí télọ̀. Ó ní, “Ká ní o ti ń kí mi bọ̀ láti ìta ni, à bá bá iná yẹn.”

Nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Ọ̀tà, tí ẹni tó bá ti rí ìran lóru ń wá ilẹ̀ ra láàárọ̀, Bàbá Àgbà ló ta ìdajì ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run. Bí ikọ́ bá ń wú u, tí mọ́tò olówó ńlá kan bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ikọ́ náà á dákẹ́ bí jẹnẹrétọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Òkúta ààlà kò ní gbòǹgbò lójú tirẹ̀. Mo rí èyí tó rìn láti ẹ̀bá ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé pásítọ̀ kan, tí pásítọ̀ náà sì ń kígbe pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Gbogbo ìjọ tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dara pọ̀ mọ́, títí wọn yóò fi kọ́lé tán. Ìyàwó mi bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo gan-an ló ń lọ. Ó ní, “Èyí tí wọn ò tíì kan òrùlé rẹ̀. Ẹni tí òjò ń pa máa ń mọ iyì onílẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí kò fọwọ́ kàn. Ilẹ̀ ìdí àgbálùmọ̀ ni, ní ọ̀nà Ìjù. Ti Wúrà àbúrò rẹ̀ ni. Bàbá wọn ló fún un kó tó kú, Wúrà fúnra rẹ̀ ló sì gbin igi àgbálùmọ̀ náà nígbà tó wà ní kékeré. Nínú gbogbo ọmọ ìyá Bàbá Àgbà, Wúrà nìkan ló kù láyé. Ó ti lọ́kọ sójú ọ̀sà láti ìgbà ọ̀dọ́, lẹ́yìn Ìpókíá lọ́hùn-ún, níbi tí ènìyàn ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó débẹ̀. Ẹja ló ń yan. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí o bá mú fóònù débẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lo mú dání.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Bíṣọ́ọ̀bù kan tó ní yunifásítì ń wá ilẹ̀ gbalasa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn láti máa pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ó ní Ọlọ́run ti sọ fún òun pé yunifásítì òun yóò fi sátẹ́láìtì sójú ọ̀run, kì í ṣe ẹyọ kan, odidi agbo, tí gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ láì já. Ẹni tí Ọlọ́run kò bá sọ̀rọ̀ àmọ́ tó máa ṣe iṣẹ́ náà ni Dókítà, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún kan tó háyà yàrá méjì nílé wa. Dókítà ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kì í fúnni lábẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà ló máa ń tẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ń ya òbìrìkìtì yí ayé po.

Dókítà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wa lórí bẹ́ńṣì iwájú ilé. Ó ní irú sátẹ́láìtì tí àwọn fẹ́ ṣe kéré, kò ga lọ títí, nítorí náà kì í dúró lókè ènìyàn lójú kan. Ó ń sáré ni. Ó ní ká wò ó bí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń ná Ìyànà Iyesi. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà, bó bá ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ, o di ẹni tó ń dúró nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n sì fi àyè tó dọ́gba sí àárín ara wọn, kí ti iwájú tó wọ kọ́nà, ti ẹ̀yìn ti yọ, yóò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èyí tó ń lọ. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti mọ iye tó máa tó àti àyè tó máa wà láàárín wọn.

Bàbá Àgbà gbọ́ ọ tán. Ó béèrè bóyá ó lè dé ọ̀dọ̀ Wúrà. Dókítà ní ojú omi, ojú ilẹ̀, ibi gbogbo ni yóò dé. Ibi tí wọn yóò gbé àwo ńlá tó ń gba ọ̀rọ̀ láti òkè sí nìkan ló kù. Wọ́n fẹ́ ibi tí ilé kò ti ká ojú ọ̀run mọ́, gbogbo ilẹ̀ yunifásítì náà sì ti di họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Bàbá Àgbà ti ta tirẹ̀ tán. Ó ku ìdí àgbálùmọ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ó mú ilẹ̀ Wúrà, ó gbé e fún Bíṣọ́ọ̀bù láì sọ fún Wúrà, kí wọ́n lè kọ́ ẹ̀rọ tí òun yóò fi sọ fún Wúrà pé òun ti gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù. Mo là á yé e bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní, “Ìwé mẹ́rin tí o kà yẹn ló ń dà ọ́ láàmú.”

Ọjọ́ tí wọ́n gé igi náà, a jọ lọ ni. Àgbálùmọ̀ ń so lọ́wọ́. Nígbà tó wó, èso rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé ń ṣà á jẹ, wọ́n ń tu kóró rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Àgbà dúró síbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bá wọn wọn nǹkan kan. A délé, kò jẹun. Ní ọjọ́ kejì, kò jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló ní òun kò fẹ́ kú kí Wúrà tó gbọ́ ọ lẹ́nu òun, kó sì dárí ji òun. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ jíṣẹ́ náà fún un. Ó kọ̀. Orúnkún òun fúnra rẹ̀ kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́, Wúrà náà kò sì lè wá. Ó ní, “Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ohùn mi ló máa gbọ́.”

Láti ìgbà náà ló ti di ọmọ ìjọ Bíṣọ́ọ̀bù pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé ti wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tipẹ́. Ó ń gbààwẹ̀ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì. Dókítà ṣírò títí, ó ní agbo náà gbọ́dọ̀ tó ogún kí ọ̀rọ̀ má bàa já. Bíṣọ́ọ̀bù ní méje ni òun rí nínú ìran, nítorí pé méje ni nọ́ńbà pípé. Dókítà ní bó bá jẹ́ méje, àlàfo yóò pọ̀ láàárín wọn. Bíṣọ́ọ̀bù ní kó fi àlùyọ dí àwọn àlàfo náà. Wọ́n ṣe ọpẹ́ fún méje, wọ́n tẹ àwòrán méje sára fáànù ọwọ́, akọrin kọ orin méje. Ẹyọ kan ni àwọn tó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì bá wọn gbé lọ. Wọ́n ní mẹ́fà tó kù ń bọ̀ ní àkókò Ọlọ́run.

Dókítà ní ẹyọ kan náà tó láti fi dán an wò. Bó bá ti ń kọjá, yóò wà lókè wa fún ìwọ̀nba ìgbà tí iṣu fi ń hó tí kò tíì rọ̀, lẹ́yìn náà yóò wọ̀. Ó fún Bàbá Àgbà ní fóònù kan tó ní ìwo gígùn lórí, ó fún mi ní ìkejì rẹ̀, pé kí n gbé e lọ fún Ìyá Àgbà Wúrà, kí n sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. Bàbá Àgbà mú mi búra pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ojú mi ló ṣe ní ìhà ọ̀hún. Ìyá Àgbà Wúrà jókòó síbi tó ti ń yí ẹja, èéfín bò ó. Fóònù náà dún. Bó ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí n di òun mú kí òun kúnlẹ̀. Mo ní kò rí yín, Ìyá Àgbà. Ó bi mí bóyá bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ kò kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìrora. Nígbà tó fi kúnlẹ̀ tán, orí rẹ̀ ti wọ abẹ́ àtíbàbà, ìwo fóònù kò rí ojú ọ̀run mọ́. A tún ń gbé e dìde. Nígbà tí ohùn padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wúrà, ṣé o jí ire? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ti èyí tó wà ní Kútọnu ńkọ́? Omi ńkọ́, ṣé ó ń fa sẹ́yìn? Ẹja ńkọ́? Ewúrẹ́ ńkọ́? Ó ń lọ sórí adìẹ ni nǹkan náà wọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo ti padà délé, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà. Mo rò pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dé. Rárá o. Ilẹ̀ tuntun ti mọ́, gbogbo ìkíni tún di tuntun. Ọ̀la rẹ̀, bákan náà. Bí òjò bá rọ̀, wọn á fi ti òjò kún un. Bí ọjọ́ bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, yunifásítì ń fi ẹ̀rọ tó ń sáré yí ayé po gbé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lọ, ó ń gbé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ bọ̀.

Dókítà bẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ńṣì. Ó kọ́kọ́ kí i tán, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Bí àyè bá ṣẹ́kù, kí ẹ wá kí wọn.”

“Kí n kí àbúrò mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀? Bí ọlọ́pàá?”

“Nǹkan yẹn kì í dúró deni, Bàbá.”

“Kó kọ́ ọ. Ilé ta ló ti jáde?”

Dókítà kò bá a jiyàn mọ́. Ó wọlé lọ, ó tún ìṣírò rẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀. Ó ní ibi tí òun ti ṣìnà ni pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń sọ̀rọ̀ lóun fi wọn ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ń gbà. Ó fi àyè ìkíni kún un, agbo náà sì fò kọjá ogún, ó di ọgbọ̀n ó lé. Ó gbé e lọ fún Bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bíṣọ́ọ̀bù gun orí pẹpẹ láti sọ fún ìjọ pé kí a dín ìkíni kù, pé ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Kó tó sọ ọ́, ó kí àwọn àgbà ìjọ, ó kí àwọn ìyá ìjọ, ó kí akọrin, ó kí àwọn tó wá láti ẹ̀ka Ṣàngó, ó kí àwọn tó ń wò wá lórí fóònù, ó kí ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oòrùn ti kan àtàrí kó tó dé orí ọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà fi ẹnu kò mí létí, ó ní, “Ti òun náà ti wọ̀.”

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ Bàbá Àgbà padà dé, mọ́tò ńlá kan kò sì lè dá a dúró mọ́. Kò lè dìde jókòó fúnra rẹ̀. Dókítà wá jókòó tì í, ó sì sọ òótọ́ fún un pé mẹ́fà tó kù kò bọ̀ mọ́, pé Bíṣọ́ọ̀bù ti rí ìran mìíràn, ti pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní ẹyọ tó wà lókè náà ti ń rẹ̀ ẹ́, agbára tó ń gbà lára oòrùn ń lọ sílẹ̀, kò dájú pé yóò tún kọjá lórí wa kó sì ráyè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá Àgbà ní kí a gbé òun síta.

A gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Dókítà gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń wò ó, ó ní ó ti yọ. Fóònù dún ní ìhà ọ̀hún. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà Wúrà tó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Àgbà kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

“Wúrà, mo ti gbé ilẹ̀ ìdí àgbálùmọ̀ rẹ fún àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gé igi náà. Mi ò bi ọ́. Dákun, dárí jì mí.”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ̀rọ̀ láì kíni. Òdìkejì dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ó ti já. Mo wo Dókítà, ó mi orí, ó ní kò tíì wọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Ìyá Àgbà Wúrà ní, “ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ẹ ò kí mi.”

“Àyè ò sí ni, Wúrà.”

Mo ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń ta pàrà lórí iná. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbé àáké dé ìdí igi, pé àwọn tó ń wá ra ẹja lọ́wọ́ òun láti Ọ̀tà ló sọ fún òun. Ó ní láti ọjọ́ tí fóònù yìí ti dé ni òun ti ń retí kó sọ ọ́, tó sì jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń bi òun. Ó ní igi náà dun òun, ó dun òun gan-an, àti pé bí òun bá wà nítòsí ni, òun ì bá gbá a lójú, àgbà tàbí kò sí àgbà. Bàbá Àgbà ń mi orí sí fóònù, bí ẹni pé ó ń rí i. Dókítà na ìka sókè pé ó ti ń lọ.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” Ìyá Àgbà Wúrà ní. “Ṣé ẹ jí ire?”

Bàbá Àgbà la ẹnu, ohùn kò jáde. Kó tó jáde, nǹkan náà ti wọ̀.

Ó mú fóònù náà mọ́ etí fún ìgbà pípẹ́ kó tó jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tó sọ kẹ́yìn, nítorí etí òun kò dá a mọ̀ dáadáa. Mo ní mo gbọ́.

“Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní ẹ káàárọ̀.”

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ gbé mi wọlé.”